Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọ̀tún, Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òsì

Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Iye irorẹ́ tó wà lójú àǹtí mi nìyẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo kà á. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, mọ́kàndínlógún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo fi ìrù kóòmù tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka adìyẹ wọ ilé.

Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Àwọn kan lára wọn ní orí funfun, wọ́n ti fẹ́ bẹ́. Àwọn kan pọ́n. Àwọn kan dúdú, wọ́n kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Onígbàjámọ̀ ni mí. Mo ti gé irun lórí tó ní làpálàpá. Mo ti fá ọrùn tó kún fún eéwo. Nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í rí mi lára. Irorẹ́ àǹtí mi kò rí mi lára rí. Ohun tó rí mi lára nínú ọ̀rọ̀ yìí, màá sọ ọ́.

"Má parọ́ fún mi o," Àǹtí ní. "Tí o bá fi ọ̀kan pamọ́, màá mọ̀."

"Àǹtí, ta ló fẹ́ jí irorẹ́ yín gbé?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹyọ kan bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Mo fi òwú nù ún. Mi ò yọ ọ́ kúrò nínú iye.

Ó ní dígí kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Ọjọ́ tí inú ẹni bá dùn, dígí á ní ó ti ń dára. Ọjọ́ tí inú ẹni bá bà jẹ́, dígí kan náà á ní ó ti burú sí i. Ẹni tí yóò kàn kà ló fẹ́. Mi ò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n mo lè ka nǹkan, mo sì lè fi ìṣó fa ìlà. Ara ògiri tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wa ni mo ń fà á sí. Ti òsì lápá òsì, ti ọ̀tún lápá ọ̀tún. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kó tó bọ́jú.

Òun ló tọ́ wa. Bàbá wa kọ́kọ́ lọ. Nígbà tí ìyá wa tẹ̀ lé e, Àǹtí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, èmi jẹ́ mẹ́sàn-án, àbíkẹ́yìn wa obìnrin jẹ́ mẹ́rin. Àǹtí fi ilé ìwé sílẹ̀. Ó fọ aṣọ fún èèyàn. Ó gbálẹ̀ ọ́fíìsì. Ó ru omi. Ìgbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ríṣẹ́ lọ́dọ̀ Màdáámù Dídán.

Màdáámù Dídán ń ta ìpara. Kò sẹ́ni tó ń pè é lórúkọ mìíràn. Ojú rẹ̀ ń dán bí àwo tí wọ́n fi epo nù, ṣùgbọ́n oríkèé ìka rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Gbogbo ara ló gbà fún un, oríkèé ìka nìkan ló kọ̀. Iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ tónítóní: gíláàsì, iná funfun, òdòdó oníke. Iwájú yìí ni Àǹtí rò pé òun máa dúró sí. Ó ti ran aṣọ funfun sílẹ̀ de iṣẹ́ náà.

Màdáámù wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ olójú ọ̀pẹ̀yìnbó yìí? Ta ló máa ra ìpara lọ́wọ́ rẹ? Kọjá sẹ́yìn. Má jẹ́ kí ojú rẹ ba ọjà mi jẹ́."

Báyìí ló di Olójú Ọ̀pẹ̀yìnbó níbẹ̀. "Olójú Ọ̀pẹ̀yìnbó, gbé ìgò wá." "Olójú Ọ̀pẹ̀yìnbó, àlejò ń bọ̀, pa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dé." Ọdún méjì àti ààbọ̀ ló lò lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn.

Mo dé ẹ̀yìn náà lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un. Nígbà tí mo máa fi jáde, èmi fúnra mi ò lè jẹun títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Ike ọ̀dà ilé ni wọ́n fi ń po ìpara. Ọ̀dà àtijọ́ ṣì gbẹ mọ́ etí rẹ̀. Igi ìnulẹ̀ tí orí rẹ̀ ti já ni wọ́n fi ń rò ó. Màdáámù fúnra rẹ̀ ló ń pò ó. Ó ń tẹ ìpara ara yíyún sínú rẹ̀, túùbù lórí túùbù, èyí tó le, tí dókítà máa ń kìlọ̀ pé kí a má fi sójú. Ó rin ọṣẹ sí i. Ó bu ìyẹ̀fun funfun kan tí kò lórúkọ. Ìdérí pólíìṣì bàtà ló fi ń wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà ó da lọ́fínńdà lé e lórí. Ó ń rùn bí ẹyin tó bà jẹ́ tó wọṣọ òde.

Eṣinṣin kan bọ́ sínú rẹ̀. Ó ń wẹ̀. Màdáámù fi èékánná gbé e jáde, ó ta á sí ògiri. Ó wo ìpara tó kù lórí ìka rẹ̀. Ó fi í nu ọrùn ara rẹ̀. Ó ní kó má ṣòfò.

Iṣẹ́ Àǹtí ni fífọ ìgò. Àwọn oníbàárà máa ń dá ìgò padà. Irun wà nínú òmíràn. Mo rí èékánná nínú ọ̀kan. Abọ́ omi kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń fọ gbogbo wọn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Omi náà ti nípọn. Ó ń lẹ̀. Àǹtí ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, awọ ìka rẹ̀ sì ń bó.

Màdáámù rí mi. Ó rí ojú Àǹtí. "Sọ fún àǹtí rẹ kó para. Ta ló ń gbé létí odò tó ń fi itọ́ bọ́jú?"

Nígbà tí Àǹtí délé ló tó fèsì. "Ó ń sọ̀rọ̀ odò fún mi. Èmi tí mo mọ ohun tó kú sínú odò náà."

Ọjọ́ kejì ló lọ bá bàbá oníkẹ́míìsì ní òpópónà kejì. Arúgbó ni. Gíláàsì méjì ló máa ń wà lórí rẹ̀, ọ̀kan lójú, ọ̀kan níwájú orí, èyí tó wà níwájú orí ló sì máa ń wá kiri. Mo bá Àǹtí lọ. Bàbá gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó yí i sápá ọ̀tún, ó yí i sápá òsì.

"Èyí ò tíì le. Kò ta kókó lábẹ́ awọ. Ohun tí a ń pa sójú lásán tó o. Ìkánjú nìkan ni mi ò ní oògùn rẹ̀."

Ó to nǹkan mẹ́ta sórí káńtà. Ó fọwọ́ lé àkọ́kọ́. "Sàlìsílíìkì nìyí. Òun ló rọ̀ jù. Ó ń ṣí ihò ara tó bá dí. Kì í bínú púpọ̀, kì í sì í ṣiṣẹ́ ńlá." Ó fọwọ́ lé ìkejì. "Bẹ́ńsóìlì. Ìyẹn lágbára ju èyí lọ. Kòkòrò tó ń gbé inú ihò ló ń pa. Ó ń gbẹ ojú, ó sì ń ba àwọ̀ aṣọ jẹ́, nítorí náà má fi aṣọ tó dáa nù ún." Ó fọwọ́ lé ìkẹta. "Adápálíìnì. Kí ihò má dí mọ́ ni tirẹ̀. Alẹ́ la ń lò ó. Ó máa kọ́kọ́ da ojú rẹ rú kó tó tún un ṣe, o máa bú mi. Aboyún kì í lò ó."

"Bàbá, èwo ló dára jù?"

"Èyí tí o bá lè lò fóṣù mẹ́ta láìfi sílẹ̀."

Àǹtí mú méjì àkọ́kọ́. A délé, ó ní òun ò ní lè dúró oṣù mẹ́ta fún ọ̀kan, kó tún wá dúró oṣù mẹ́ta fún èkejì. Ó pín ojú rẹ̀. Bẹ́ńsóìlì fún ọ̀tún, sàlìsílíìkì fún òsì. Imú ni ààlà. "Kí kálukú ro oko tirẹ̀," ó ní.

Nígbà tí bàbá oníkẹ́míìsì gbọ́, ó di orí mú, ó tẹ gíláàsì iwájú orí mọ́lẹ̀. "Ọmọ yìí, ojú kan ni Ọlọ́run fún ọ o."

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì ni, Bàbá."

Ọ̀sẹ̀ kejì, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ìlà kan náà ni mo ń fà. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ìrọ̀rí rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Aṣọ búlúù ni. Apá ọ̀tún rẹ̀ ti funfun ní abala abala. Àbíkẹ́yìn gbé e jáde síta. "Ẹ wá wò ó o! Ìrọ̀rí Àǹtí ti ní irorẹ́!" Àǹtí sọ bàtà lù ú.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà, òsì jẹ́ mẹ́rìndínlógún, ọ̀tún jẹ́ mẹ́jọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àǹtí lọ mú ìkẹta lọ́dọ̀ bàbá. Ó ń lo bẹ́ńsóìlì láàárọ̀ sápá ọ̀tún, ó ń fi adápálíìnì sí ibẹ̀ kan náà kó tó sùn, ìwọ̀nba tí kò tó ẹyọ ẹ̀wà. Òsì dúró sórí sàlìsílíìkì rẹ̀.

Bàbá ti sọ tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ó dùn wá. Mẹ́jọ di méjìlá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ń bó bí èèpo àlùbọ́sà. Nígbà tó bá rẹ́rìn-ín, ó ń ta á. Ọjọ́ Àìkú kan, mo kà tán, ó gba ìṣó lọ́wọ́ mi, ó ní kò sí ìlà tí a tún fẹ́ fà. Ó sunkún. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí mo rí i tó ń sunkún nítorí ojú. Bàbá ní kó máa lò ó lálẹ́ kan, kó fi alẹ́ kejì sílẹ̀. Kó máa fi ìpara lásán tí kò ní òórùn tẹ̀ lé e. Kó máa fi agboòrùn rìn. Ó gbọ́ràn. Ó dá ìṣó padà fún mi.

Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, ọ̀tún jẹ́ mẹ́ta. Òsì jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó bá rí i látọ̀tún, á kí i pé omidan. Ẹni tó bá rí i látòsì, á ní kó pẹ̀lẹ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Màdáámù sọ fún un pé gbogbo òṣìṣẹ́ máa gba káàdì ìdánimọ̀, kó múra, òun fẹ́ ya á ní fọ́tò. Inú Àǹtí dùn. Ó rò pé ẹni tó bá ní káàdì kò ní pẹ́ kúrò lẹ́yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní kí n fi abẹ tún ibi tí irun rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ṣe. Mò ń ṣe é jẹ́jẹ́. Àbíkẹ́yìn dúró lẹ́yìn mi, ó ń sín Màdáámù jẹ, ó ń fi ìka nu ọrùn, "Kó má ṣòfò, kó má ṣòfò." Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. Abẹ yẹ̀.

Àárín gbùngbùn iwájú orí. Kò gùn ju ẹyọ ìrẹsì kan lọ. Ẹ̀jẹ̀ yọ.

"Brọ̀dá ti pa Àǹtí o!" Àbíkẹ́yìn fi òwú tẹ̀ ẹ́. Díẹ̀ nínú òwú náà lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́.

"Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?" Àǹtí bi mí. "Kó dá owó tó gbà padà." Ó wo aago, ó sáré jáde bẹ́ẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́, ó ní Màdáámù ní kí òun yíjú sósì, ó ya á. Ó ní kí òun yíjú sọ́tùn-ún, ó ya á. Ọgbẹ́ náà jinná láàárín ọjọ́ márùn-ún. Kò fi àpá sílẹ̀. Káàdì náà ò dé.

A gbàgbé káàdì. Àǹtí fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ní ohun tó fún ọ̀tún. Ìyẹn náà kọ́kọ́ ya wèrè, lẹ́yìn náà ó rọlẹ̀. Oṣù keje láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, òsì jẹ́ méjì, ọ̀tún jẹ́ ẹyọ kan. Ìlà mẹ́ta péré. Àǹtí lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ pa àwọn ìlà náà láti òkè wá sísàlẹ̀. Kò fọwọ́ kan ojú rẹ̀.

Màdáámù mú un wá síwájú. "Olójú Ọ̀pẹ̀yìnbó ti di olójú dígí!" Aṣọ funfun tó ti ran láti ọdún mẹ́ta, ó wọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kan ni ayọ̀ náà. Gbogbo oníbàárà tó bá wọlé, Màdáámù á di àgbọ̀n Àǹtí mú, á yí i kiri bí ẹni ń ta ẹran. "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ẹ wo ìpara mi lójú ọmọ yìí."

"Kí lẹ sọ?" mo bi í.

"Mi ò sọ pé òun ni. Mi ò sọ pé òun kọ́." Ó jókòó sétí ibùsùn, kò bọ́ aṣọ iṣẹ́. "Mo rìn síwájú tán, ẹnu mi ń rùn sí mi."

Ó bá bàbá oníkẹ́míìsì sọ̀rọ̀. Bàbá ní kó wá dúró ní káńtà òun tí oṣù bá parí. Oṣù náà ò parí.

Ibà mú un lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ẹtì a sin ín. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Mi ò ní nǹkan púpọ̀ láti sọ níbẹ̀. Èmi ni mo tún iwájú orí rẹ̀ ṣe kí wọ́n tó gbé e. Ọwọ́ mi ò yẹ̀.

Màdáámù wá kí wa. Ó wọ dúdú. Ó gbé páálí kan wá, ó gbé e kalẹ̀ láàárín yàrá, ó ní ká fara dà á. Ìpara ló wà nínú páálí náà. Ìgò méjìlá. Àǹtí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilẹ̀, ó gbé omi abọ́ yẹn wá kí mi kú ìrọ́jú. Òórùn rẹ̀ kún yàrá, ó bo òórùn aṣọ Àǹtí tó ṣì wà lára ìṣó. Ó yẹ kí n dà á nù lọ́jọ́ náà. Mo tì í sábẹ́ ibùsùn. Ẹ̀bi mi nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, bọ́ọ̀dù ìpolówó ìpara dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Màdáámù. Ó ga ju èèyàn lọ. Mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo gbójú sókè, àǹtí mi ló ń wò mí. Ẹ̀ẹ̀mejì. Mi ò dúró. Láti ọjọ́ náà, òdìkejì títì ni mò ń gbà, mo sì ń wo ẹsẹ̀ mi.

Àbíkẹ́yìn ń wò ó ní tirẹ̀. Ó ń gba ibẹ̀ lọ kí Àǹtí láràárọ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, irorẹ́ ti bò ó náà. Ohun tí bọ́ọ̀dù sọ ló gbà gbọ́, pé ìpara Màdáámù ló tún ojú Àǹtí ṣe. Ó fa páálí jáde lábẹ́ ibùsùn.

Ọjọ́ kẹjọ, ó pè mí. "Brọ̀dá, ẹ wá kà á! Òfo! Òfo lápá ọ̀tún, òfo lápá òsì!"

Òótọ́ ni. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó ń dán bí àwo. Ẹ̀rù bà mí.

"Dá a dúró."

"Ẹ ń ṣe ìlara awọ mi ni?"

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Mo ń rí iṣan pupa lábẹ́ rẹ̀ bí òwú. Yíká ẹnu, ó ti sú wínníwínní, gbogbo rẹ̀ dọ́gba, bí ẹyin kòkòrò lábẹ́ ewé. Tó bá fi ọjọ́ kan fò ó, ojú á wú, á máa yún un, á tún lọ bu sí i. Ó ń fi ìka méjì bù ú. Yàrá wa ti ń rùn bí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn. Oúnjẹ ò gba ọ̀fun mi kọjá nínú rẹ̀. Àǹtí fi ọdún mẹ́tàlá tọ́ ọmọ yìí. Ìgò kan péré ló sì fẹ́ jẹ ojú rẹ̀ tán níṣojú mi.

"Àǹtí ò lo nǹkan yìí rí," mo ní.

"Àǹtí lò ó níbi iṣẹ́, ẹ̀yin ni ẹ ò mọ̀. Ẹ lọ wo bọ́ọ̀dù."

Mo fà á lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo fi ìlà hàn án. Ọ̀tún rè é, òsì rè é. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rè é. Ibi tó ti sunkún rè é.

"Ara ògiri ni, Brọ̀dá. Ẹ lè fa iye tó bá wù yín. Bọ́ọ̀dù ní fọ́tò." Ojú rẹ̀ kún fún omi, omi náà sì ń ta á lẹ́rẹ̀kẹ́. "Òun ló kù tí mo ń rí lójoojúmọ́. Ẹ̀yin ò lè kọjá níbẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹ lọ wò ó lójú, kẹ́ ẹ sọ fún mi pé irọ́ ni."

A lọ. Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn kàn bọ́ọ̀dù náà lójú. Mo gbójú sókè.

Lápá kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì àǹtí mi, pẹ̀lú irorẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n kọ "ṢÁÁJÚ" sábẹ́ rẹ̀. Lápá kejì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, pẹ̀lú mẹ́ta. Wọ́n kọ "LẸ́YÌN Ọ̀SẸ̀ MÉJÌ" sábẹ́ rẹ̀.

Onígbàjámọ̀ ni mí. Ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò lójú èèyàn. Mo wo ti àkọ́kọ́. Mo wo ti ìkejì. Mo tún padà sí ti àkọ́kọ́.

"Wo iwájú orí rẹ̀," mo sọ fún àbíkẹ́yìn. "Ní méjèèjì."

Ó wò ó. Ó sún mọ́ ọn, ó na ìka sókè, ìka náà ò tó o.

"Òwú mi nìyẹn," ó ní.

Ẹyọ ìrẹsì pupa kan, ẹ̀jẹ̀ tútù, òwú funfun bíńtín tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ní Ṣáájú. Ní Lẹ́yìn Ọ̀sẹ̀ Méjì. Ọjọ́ kan ṣoṣo. Màdáámù pín ojú àǹtí mi sí méjì bí Àǹtí fúnra rẹ̀ ti pín in, ó wá ta ààlà náà.

Màdáámù jáde. Àwọn obìnrin méjì tó fẹ́ ra ìpara tẹ̀ lé e wá sẹ́nu ọ̀nà. "Áà, ẹ wá kí àǹtí yín ni? Ẹ ṣeun o." Ó gbọ́wọ́ lé ẹsẹ̀ bọ́ọ̀dù náà bí ẹni gbọ́wọ́ lé èjìká ọ̀rẹ́. "Ọmọ dáadáa. Títí dòní, òun ló ń bá mi tajà."

Àbíkẹ́yìn kúnlẹ̀ kí i. Ọmọ tí Àǹtí kọ́ ni. "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ọgbẹ́ wo ló wà níwájú orí wọn yìí?"

"Ọgbẹ́ kẹ̀?"

"Ó wà ní Ṣáájú. Ó wà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò gbẹ. Òwú ara ẹ̀ ò bọ́. Ṣé Àǹtí ò bọ́jú fún ọ̀sẹ̀ méjì ni?"

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, ìyá àgbà kan tó di ìbòrí mọ́ ọrùn, sún wa sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fojú sí bọ́ọ̀dù náà. "Hẹ̀ẹ́n! Àmì kan náà ni o!" Ó yí padà. "Màdáámù, ìpara yín ò lè wo ojú ọgbẹ́ láti ọjọ́ yìí, irorẹ́ wá ni yóò wò?"

Èkejì rẹ́rìn-ín débi tó fi di ògiri mú. Ó dá ìgò ọwọ́ rẹ̀ padà sórí káńtà.

"Ẹni tó tẹ bọ́ọ̀dù ló ṣi fọ́tò mú," Màdáámù ní. "Ẹ̀rọ ló ṣe é. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé bí mo ṣe ṣe yín lóore rè é?" Ó sún mọ́ mi. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Òórùn rẹ̀ bò mí. "Ṣé páálí kan sí i lo fẹ́? Sọ̀rọ̀, ọmọkùnrin. A kì í jà lójú òkú."

Itọ́ ti kún ẹnu mi. Mo wo ibi tí màá tu ú sí. Lẹ́yìn rẹ̀ gan-an ni ojú àǹtí mi wà, ní méjì. Mo gbé itọ́ náà mì. Mi ò tíì gbé ohun tó korò tó bẹ́ẹ̀ mì rí.

"Kò lo ìpara yín rí," mo ní. Mo sọ ọ́ kí àwọn obìnrin náà gbọ́. "Èmi ni mo ń kà á. Ojú rẹ̀ ń rí yín lára, ẹ tì í sẹ́yìn. Ó dára tán, ẹ jí i."

Mo fa àbíkẹ́yìn lọ́wọ́, a lọ.

Ó da àwọn ìgò tó kù sínú ṣáláńgá fúnra rẹ̀. Kò jẹ́ kí n ràn án lọ́wọ́. Bàbá oníkẹ́míìsì gbé gíláàsì kúrò níwájú orí, ó fi í lé èkejì lójú, ó wo ojú ọmọ náà, ó mí kanlẹ̀. Ó ní ojú náà máa bínú kó tó rọlẹ̀, torí oúnjẹ tó ti mọ́ ọn lára la já gbà lẹ́nu rẹ̀. Omi, ọṣẹ tó rọ̀, ìpara lásán, kó má fi nǹkan mìíràn sí i. Kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nígbà náà ni òun á ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ irorẹ́ tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Ó bínú lóòótọ́. Ó wú. Ọjọ́ mẹ́rin ni àbíkẹ́yìn ò lè jáde síta. Ó ń fi aṣọ tútù bo ojú, ó ń bú Màdáámù lábẹ́ aṣọ náà.

Bọ́ọ̀dù ṣì wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Màdáámù ti lẹ bébà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ iwájú orí àǹtí mi, ní méjèèjì, bí ẹni di ọgbẹ́. Afẹ́fẹ́ ti ṣí ọ̀kan kúrò. Mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ títì yẹn kọjá báyìí. Mo máa ń wo iwájú orí rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Àbíkẹ́yìn gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé mo pè é. Ó jókòó sínú ìmọ́lẹ̀. Ó di irun rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ti ra oògùn ti ọ̀tún, ó ti ra ti òsì, ó tò wọ́n sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ má parọ́ fún mi o, Brọ̀dá."

Mo mú kóòmù. Òsì, mọ́kànlélógún. Ọ̀tún, méjìlélógún. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo wá àyè lábẹ́ ìlà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, mo sì mú ìṣó.